Asẹ́ Wo Ni Wọ́n Fi Ń Sẹ́ Olùdíje? Àlàyé lórí Ìròyìn Ìdìbò Abẹ́lé Tí Èrò Pọ̀ Nínú Rẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àbúrò mi obìnrin kan tí ó ń gbé ní Brooklyn, tí ó sì ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kó gbogbo ìwé ìpolongo tí ó bá nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀ sórí tábìlì, ó ya fọ́tò wọn, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ka ìwé mọ́kànlélógún. Ojú èèyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lára wọn, gbogbo wọn ni ó sì sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni àwọn. Lẹ́yìn náà ni ó fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. New York Times ti ní Goldman ni ká dìbò fún. Ṣé ìjọba ló ni ìwé ìròyìn yẹn ni, àbí ẹgbẹ́ ló rán wọn? Àwọn yòókù wá ńkọ́?"

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ní ilé níbi tí wọ́n ti bí wa, bí ìwé ìròyìn bá ń yin olùdíje kan, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń bèèrè ni ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn náà. Láti ìgbà yẹn ni mo sì ti ń gbọ́ irú ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti àwọn tí ó ń ka ìròyìn ibẹ̀ láti ilé, nígbàkígbà tí olùdíje bá ti pọ̀ bí eéṣú nínú ìdìbò abẹ́lé kan. Èrò tèmi ni pé irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ kò lè yé ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ bí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ìlú náà ṣe ń ròyìn rẹ̀, nítorí pé kí olùdìbò tó fojú kan ìwé ìdìbò ni wọ́n ti bá a sẹ́ àwọn olùdíje bí ẹní sẹ́ ògì, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti wà nínú èérí. Ìdìbò abẹ́lé ẹkùn kẹwàá ìpínlẹ̀ New York, èyí tí àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni ìdìbò abẹ́lé, ipò wo ni wọ́n sì ń dù?

Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni orúkọ àpapọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì tí ó wà ní Washington. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ni àwọn sẹ́nétọ̀ ń jókòó sí, méjì méjì láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé kejì, tí ó jọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin tiwa ní Àbújá, ní ìjókòó 435, ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan sì ń yan ẹnì kan ṣoṣo sí i ní ọdún méjì méjì. Èèyàn tí ó ju 770,000 lọ ni ó ń gbé ní ẹkùn kẹwàá New York. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ìsàlẹ̀ Manhattan, ó kọjá odò East River, ó sì wọ Brooklyn lọ dé Park Slope, Sunset Park àti apá kan Borough Park.

Ìdìbò abẹ́lé ni èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀ nínú ìdìbò gbogbogbòò. A mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a bá gbọ́ ọ yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 kan náà, nígbà tí ẹgbẹ́ APC ń yan olùdíje fún ipò ààrẹ ní Eagle Square, àwọn aṣojú tí ẹgbẹ́ ti yàn sílẹ̀ ni ó tò dìbò, ìbò 1,271 sì ni Bọ́lá Tinubu fi gbégbá orókè. Ní New York, kò sí irú gbàgede bẹ́ẹ̀, kò sì sí aṣojú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ní ẹkùn náà ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní bòókẹ́lẹ́, ní ibùdó tí àjọ elétò ìdìbò ṣètò, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú ìdìbò gbogbogbòò. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kankan kò ní ohùn níbẹ̀.

Àwọn Democrat pọ̀ ní ẹkùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá borí ní oṣù Kẹjọ ti di aṣòfin tán. Ìdìbò oṣù Kọkànlá kàn ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Nítorí náà, ìròyìn tí ó jáde ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni ó ṣe pàtàkì jù lọ.

Kí ló kó olùdíje tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York fagi lé àwòrán ilẹ̀ tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fi pín ẹkùn ìdìbò, ó ní wọ́n ti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan. Adájọ́ kan gbé iṣẹ́ náà fún Jonathan Cervas, onímọ̀ kan láti Yunifásítì Carnegie Mellon, òun ni ó sì ya àwòrán tuntun, tí adájọ́ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún. Wọ́n sún ìdìbò abẹ́lé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kúrò ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ.

Bí àwòrán tuntun náà ṣe jáde ni ẹkùn kẹwàá ṣófo. Jerry Nadler, tí ó ti ń ṣojú ẹkùn tí ń jẹ́ orúkọ náà tẹ́lẹ̀, kó lọ sí ẹkùn kejìlá láti bá Carolyn Maloney fà á. Bẹ́ẹ̀, ìjókòó Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tí kò ní olóhun ní àárín ìlú New York dà bí ilẹ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà: gbogbo ẹni tí ó ní agbára díẹ̀ ni yóò sáré lọ fi òpó gún un. Bill de Blasio, olórí ìlú New York tẹ́lẹ̀ rí, wọlé. Mondaire Jones, tí ó jẹ́ aṣòfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti agbègbè mìíràn ní àríwá ìlú náà, kó wá sí Brooklyn. Yuh-Line Niou àti Jo Anne Simon wá láti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, Carlina Rivera wá láti ìgbìmọ̀ ìlú. Dan Goldman, agbẹjọ́rò tí ó darí ìbéèrè fún àwọn Democrat nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yọ Donald Trump nípò ní ọdún 2019, tí kò sì di ipò ìbò kankan mú rí, wọlé pẹ̀lú owó. Elizabeth Holtzman náà wọlé, obìnrin tí ó ti gba ìjókòó Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1972 nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 31, ó sì pé ẹni ọdún 81 láàárín ìpolongo náà. Nígbà tí a bá ka àwọn tí òkìkí wọn kò kàn mọ́ wọn, orúkọ tí ó wà lórí ìwé ìdìbò lé ní mẹ́wàá, oṣù mẹ́ta péré sì ni gbogbo wọn ní láti fi ara han àwọn olùdìbò.

Báwo ni ẹni tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò dìbò fún ṣe ń borí?

Ní ìdìbò abẹ́lé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní New York, òfin kò béèrè pé kí olùborí gba ju ìlàjì ìbò lọ, kò sì sí ìdìbò àtúndì gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Georgia tàbí Texas. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ti ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù lọ ni ó gbà á. Ẹ wo ìyá aláta mẹ́wàá tí wọ́n tẹ́ ẹrù sí ìlà kan náà: ẹni tí ó bá tà jù nínú wọn ni a ó sọ pé ọjà tà fún, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé lára oníbàárà mẹ́rin tí ó kọjá níbẹ̀, mẹ́ta ra ata lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tún rú àwọn ará New York lójú ni pé ní ọdún 2021 tí ó ṣáájú, wọ́n ti dìbò abẹ́lé fún ipò olórí ìlú lọ́nà mìíràn. Nígbà náà, olùdìbò lè to olùdíje márùn-ún tẹ̀lé ara wọn bí ó ti fẹ́ràn wọn tó, bí ẹni àkọ́kọ́ rẹ̀ bá sì já, ìbò rẹ̀ yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹni kejì. Òfin yẹn kò kan ìdìbò sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ipò ìlú nìkan ni ó wà fún. Àbúrò mi gan-an rò pé òun yóò lè kọ orúkọ márùn-ún, ó yà á lẹ́nu nígbà tí mo sọ fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Goldman ní bíi ìdá 26 nínú 100, Niou ní bíi 24, Jones ní bíi 18, Rivera ní bíi 17. Ìbò tí ó wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì lé díẹ̀ ní 1,300. Ní ẹkùn tí èèyàn inú rẹ̀ ju 770,000 lọ, ìbò tí kò tó 17,000 ni ó gbé aṣòfin wọlé. Níbi tí nǹkan bá ti rí báyìí, ohun kékeré lè yí i: àkọlé ìròyìn kan, ìtàkùrọ̀sọ láàárín àwọn olùdíje ní alẹ́ ọjọ́ kan, tàbí ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn.

Ta ni akọ̀ròyìn ń pè ní olùdíje gidi?

Ibí yìí ni asẹ́ wà. Akọ̀ròyìn kan kò lè tẹ̀lé olùdíje mẹ́tàlá káàkiri fún oṣù mẹ́ta, olóòtú rẹ̀ kò sì lè fún wọn ní àyè dọ́gba. Nítorí náà ni àwọn yàrá ìròyìn ṣe máa ń fi ìwọ̀n mélòó kan pinnu ẹni tí wọ́n yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ àti ẹni tí yóò wà lára "àwọn mìíràn tí wọ́n tún ń díje".

Owó ni ìwọ̀n àkọ́kọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ pa á láṣẹ pé kí olùdíje sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì máa fi ìṣirò owó tí ó rí gbà àti èyí tí ó ná sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń bójú tó owó ìdìbò, kí gbogbo ayé lè rí i. Ọjọ́ tí ìwé ìṣirò yẹn bá jáde ni ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn oníròyìn, nítorí pé nọ́ńbà rọrùn láti kọ, ó sì rọrùn láti fi wé ara wọn. Goldman, tí ó wá láti ìdílé tí ó jogún ọrọ̀ iléeṣẹ́ aṣọ Levi Strauss, fi owó ara rẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ sínú ìpolongo náà. Owó yẹn ra ìpolówó tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó sọ ọ́ di ojú tí èèyàn mọ̀, mímọ̀ tí èèyàn mọ̀ ọ́n gbé e sókè nínú ìwádìí èrò aráàlú, gígòkè rẹ̀ sì sọ ọ́ di ìròyìn. Irọ́ kankan kò sí nínú ìròyìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó kò lè bá wọn yípo.

Ipò tí olùdíje ti dì mú rí ni ìwọ̀n kejì. Ó tọ́ dé ìwọ̀n kan, nítorí pé aṣòfin tẹ́lẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ìbò tí a lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ó ní ewu nínú. Ní ọdún 2018, ní ẹkùn kẹrìnlá New York, Joe Crowley tí ó ti pẹ́ nípò kọ̀ láti yọjú sí ìtàkùrọ̀sọ kan, ó rán ẹlòmíràn lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Alexandria Ocasio-Cortez, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn ńláńlá kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí, na án nínú ìdìbò abẹ́lé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ kejì ni àwọn oníròyìn tó ń sáré kiri àdúgbò rẹ̀, tí wọ́n ń bèèrè ẹni tí ó jẹ́. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé àwọn olùdìbò àdúgbò ti mọ̀ ọ́n kí ìwé ìròyìn tó mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n kẹta ni ìtàkùrọ̀sọ. Iléeṣẹ́ tí ó bá ṣètò rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí olùdíje gbọ́dọ̀ ní kí ó tó dúró lórí ìtàgé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, olùdíje mẹ́fà ni ó dúró níwájú kámẹ́rà NY1, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó wà fún ìròyìn ìlú New York nìkan. Àwọn tí ó kù wà nílé tàbí ní òpópónà, orúkọ wọn sì wà lórí ìwé ìdìbò kan náà pẹ̀lú ti àwọn mẹ́fà yẹn.

Ṣé òfin kò ní kí wọ́n ṣe é dọ́gba?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó ní kí iléeṣẹ́ ìròyìn fún gbogbo olùdíje ní àyè dọ́gba. Òfin bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ń lo afẹ́fẹ́ ìjọba, láti ọdún 1934, ṣùgbọ́n ìròyìn gidi àti ìtàkùrọ̀sọ wà lára ohun tí a yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá fún olùdíje kan láǹfààní láti wá ṣeré orí ìtàgé tàbí láti sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níta ètò ìròyìn, àwọn alátakò rẹ̀ lè béèrè fún irú àǹfààní kan náà. Bí ó bá jẹ́ inú ìròyìn ni ó ti yọjú, wọn kò lè béèrè ohunkóhun.

Ti ìwé ìròyìn tilẹ̀ tún yàtọ̀. Ní ọdún 1974, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín ìwé ìròyìn Miami Herald àti Pat Tornillo, olùdíje kan ní Florida tí ó ń béèrè àyè láti fèsì sí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ilẹ̀ náà fẹnu kò pé ìjọba kò lè fipá mú ìwé ìròyìn láti tẹ ohun tí kò fẹ́ tẹ̀. Ní ọdún 1998 ni ẹjọ́ Ralph Forbes tẹ̀ lé e. Forbes díje sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní Arkansas ní ọdún 1992 láìsí ẹgbẹ́, tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò sì pè é sí ìtàkùrọ̀sọ. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní iléeṣẹ́ náà kò ṣẹ̀, nítorí pé kì í ṣe èrò rẹ̀ ni wọ́n fi yọ ọ́ bí kò ṣe pé àwọn aráàlú kò fi ìfẹ́ hàn sí i. Mo gba ìdájọ́ náà gẹ́gẹ́ bí òfin, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kí a bèèrè bí aráàlú yóò ṣe fi ìfẹ́ hàn sí ẹni tí wọn kò jẹ́ kí aráàlú rí.

Kí ni ìwádìí èrò aráàlú ń sọ fún wa?

Ìwádìí èrò aráàlú ni kí a bi ìwọ̀nba èèyàn léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún, kí a sì ti ara ìdáhùn wọn fojú bu ti gbogbo ẹkùn. Bí a ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò ni. Ṣíbí kan tó láti mọ̀ bóyá iyọ̀ dé ìkòkò, bí ó bá jẹ́ pé a ti ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáadáa. Bí iyọ̀ bá sùn sísàlẹ̀, ṣíbí tí a bù lókè yóò tàn wá jẹ.

Ó ṣòro láti ro ìdìbò abẹ́lé pọ̀. Àwọn tí yóò dìbò kò pọ̀, pàápàá ní oṣù Kẹjọ tí ọ̀pọ̀ ará New York ti rìnrìn àjò ìsinmi, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n dájú ṣáájú ọjọ́ náà. Ní ẹkùn kẹwàá, àwọn ará Ṣáínà tí ó wà ní Chinatown àti Sunset Park wà nínú rẹ̀, àwọn Júù tí ó di ẹ̀sìn mú ṣinṣin ní Borough Park wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe èdè ilé wọn. Ìwádìí tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bèèrè ti fi apá kan ìkòkò sílẹ̀.

Bí ìwádìí tí ó bi 500 èèyàn bá sọ pé Lágbájá ní ìdá 20 nínú 100, tí Tàmẹ̀dù sì ní 17, kí oníròyìn tó kọ ọ́ pé Lágbájá ń ṣíwájú, ó yẹ kí ó rántí pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè fi bíi 3 tàbí 4 ga sí i tàbí kí ó fi wálẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Tàmẹ̀dù ni ó ń ṣíwájú. Nígbà tí olùdíje bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan ní 60 tí èkejì ní 40, àṣìṣe yẹn kò lè yí ìtàn padà. Nígbà tí olùdíje mẹ́fà bá pín in, ó lè yí i pátápátá. Síbẹ̀, àkọlé ìròyìn kò ní àyè fún "ó ṣeé ṣe", àkọlé yẹn sì ni àwọn olùdìbò fi ń pinnu ẹni tí ìbò wọn kò ní ṣòfò lé lórí.

Nígbà tí ìwé ìròyìn bá ní "ẹni yìí ni", ta ló ń sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn tí mo fún àbúrò mi nìyí. Ìjọba kò ni New York Times, ẹgbẹ́ kankan kò sì rán wọn. Àṣà àtijọ́ ni ní Amẹ́ríkà pé kí ìwé ìròyìn sọ ní gbangba ẹni tí ó fọwọ́ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àwọn tí ń ṣe ìfọwọ́sí náà kì í ṣe àwọn akọ̀ròyìn tí ń lọ sí ìpàdé ìpolongo. Ìgbìmọ̀ olóòtú èrò ni wọ́n, àwọn èèyàn díẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ èrò ìwé ìròyìn náà sílẹ̀. Ẹ rò ó bí ààfin: akéde ń jáde láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìjòyè ń jáde láti sọ ohun tí ó rò pé ó yẹ kí ìlú ṣe. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà jáde, ṣùgbọ́n akéde kò jókòó níbi tí àwọn ìjòyè ti gbìmọ̀.

Nígbà tí ìwé ìròyìn jẹ́ bébà, ìyàtọ̀ yìí hàn sí ojú, nítorí pé ojú ìwé èrò wà ní àyè tirẹ̀. Lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ ń wá lábẹ́ orúkọ kan náà àti àmì kan náà, ìfọwọ́sí lè tẹ̀ lé ìròyìn láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé akọ̀ròyìn tí ó kọ ìròyìn àná ni ó ń pàṣẹ ìbò lónìí. Mo gbà pé ẹ̀bi àwọn ìwé ìròyìn fúnra wọn wà nínú èyí, nítorí pé wọn kò ṣàlàyé rẹ̀ tó níbi tí òǹkàwé ti máa rí i.

Àsìkò tí ìfọwọ́sí náà jáde tún jẹ́ kí ó wúwo. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ni ìgbìmọ̀ olóòtú Times fọwọ́ sí Goldman, ọjọ́ kan náà tí ìdìbò àsìkò-ṣáájú bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí tí olùdìbò lè ṣe kí ọjọ́ ìdìbò gan-an tó pé, nígbà tí ọ̀pọ̀ olùdìbò kò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bá lọ. Apá ìsàlẹ̀ Manhattan àti àwọn àdúgbò bíi Park Slope sì kún fún àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́. A ti rí irú rẹ̀ ní ọdún 2021: Kathryn Garcia wà nísàlẹ̀ nínú ìwádìí kí Times tó fọwọ́ sí i fún ipò olórí ìlú ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí wọ́n sì ka ìbò tán, ìbò tí ó lé díẹ̀ ní 7,000 péré ni Eric Adams fi jù ú lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìwọ̀n wọn iye ìbò tí ìfọwọ́sí kan mú wá. Ṣùgbọ́n níbi tí 1,300 ìbò ti pààlà, ó ṣòro fún mi láti sọ pé kò ka nǹkan.

Lẹ́yìn ìfọwọ́sí náà, Niou àti Jones, tí àwọn fúnra wọn ń bá ara wọn díje, jọ dúró níwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ láti sọ pé owó ni Goldman fẹ́ fi ra ìjókòó náà. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Trump kọ ọ́ sórí ìkànnì rẹ̀ pé òun náà fọwọ́ sí Goldman, ẹni tí ó darí ìwádìí nípa rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn ọdún 2019 mọ̀ pé ó fẹ́ fi ba ọjà Goldman jẹ́ láàárín àwọn Democrat ni. Àwọn tí kò mọ̀ rí àkọlé nìkan, ó sì rú wọn lójú. Níbi tí olùdìbò kò ti ní àkókò láti ka ìròyìn tán, àkọlé irú èyí léwu, ojúṣe olóòtú sì ni láti kọ ìdí rẹ̀ sínú àkọlé fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo tún sọ fún àbúrò mi nípa àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé ìròyìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, tí ẹni tí ó bá wò ó fìrí yóò fi rò pé ìwé ìròyìn ni ó tẹ ìwé náà. Mo ní kí ó yí wọn padà, kí ó wá àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó wà nísàlẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sún mọ́ kámẹ́rà fóònù, ó sì kà á sí mi létí: ẹgbẹ́ kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni ó san owó rẹ̀, olùdíje kankan kò sì fọwọ́ sí i. Òfin ni ó mú kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ó ń yí àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Times kéde pé ìgbìmọ̀ olóòtú rẹ̀ kò ní máa fọwọ́ sí olùdíje nínú ìdìbò New York mọ́. Inú àwọn kan dùn. Inú tèmi kò dùn sí i tán, nítorí pé ìfọwọ́sí tí ó dára máa ń bá iṣẹ́ rìn: ìgbìmọ̀ náà máa ń pe àwọn olùdíje wá, wọ́n máa ń bi wọ́n léèrè fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, owó ìpolówó kò ní bá a kúrò.

Iléeṣẹ́ ìròyìn wo ló ṣẹ́ kù tó ń ròyìn àdúgbò?

Wọ́n ti dín kù gan-an. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ẹni tí ó ni DNAinfo àti Gothamist, tí àwọn méjèèjì máa ń ròyìn àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní New York, tì wọ́n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kété lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn dìbò láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìwé ìròyìn Daily News lé ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìròyìn rẹ̀. Rédíò WNYC jí Gothamist dìde, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe fún èrè, THE CITY, sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019; wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí a yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè kárí.

Àwọn ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Chinatown àti Sunset Park, ìwé ìròyìn èdè Ṣáínà bíi World Journal ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń mọ olùdíje, ohun tí ó sì ṣe pàtàkì lójú òǹkàwé rẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń pariwo. Olùdíje kan lè jẹ́ "àwọn mìíràn" nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ta ló ń kéde ẹni tó borí?

Ní Nàìjíríà, a máa ń dúró kí òṣìṣẹ́ INEC ka èsì jáde. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press, tí ó ti ń ka ìbò láti ọdún 1848, ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń dúró dè kí wọ́n tó kọ ọ́ pé ẹnì kan ti borí. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe: bí ìbò tí ó kù kò bá lè gbé ẹni kejì bá ẹni kìíní mọ́, wọn yóò kéde. Ìkéde wọn kò ní agbára òfin, àjọ elétò ìdìbò ni yóò fọwọ́ sí èsì gidi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, Goldman jáde sọ pé òun ti borí. Niou kò tíì gbà, nítorí pé ní New York ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ lẹ́tà ṣì lè dé lẹ́yìn ọjọ́ ìdìbò, bí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ti fi hàn pé kò pẹ́ jù. Ìbò díẹ̀ tilẹ̀ wà tí wọ́n kà fún de Blasio, tí ó ti yọwọ́ nínú ìdíje láti ọjọ́ 19 oṣù Keje, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ìdìbò. Àwọn alátìlẹ́yìn Niou ń rọ̀ ọ́ kí ó gba àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tí ń jẹ́ Working Families lọ sí ìdìbò oṣù Kọkànlá, kí ó lè tún bá Goldman pàdé níwájú gbogbo olùdìbò ẹkùn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni ó sọ fún wọn pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.